Ahmad Lawan láti 1999: ìbò tí a rí àti èyí tí a kò rí

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2021, wọ́n pe àwọn sẹ́nétọ̀ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Ábùújá, kí kálukú sọ ibi tí òun wà. Ohun tó wà nílẹ̀ ni bóyá àjọ INEC lè fi ẹ̀rọ fi èsì ìbò ránṣẹ́ láti ibùdó ìdìbò. Nígbà tí wọ́n kà á tán, àwọn 52 fọwọ́ sí àtúnṣe tó so INEC lọ́wọ́, àwọn 28 kọ̀ ọ́, àwọn 28 mìíràn kò sì sí níjòókòó. Sẹ́nétọ̀ 109 ló wà nílé náà. Ẹni kan tó kù, tí orúkọ rẹ̀ kò sí lápá kankan, ni Ahmad Lawan láti ìpínlẹ̀ Yobe. Òun ló wà lórí àga ààrẹ ilé lọ́jọ́ náà. Abala 56 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tó bá ń darí ìjókòó kò gbọdọ̀ dìbò àfi tí ìbò bá dọ́gba.

Lawan ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, nítorí pé ó pẹ́ níbẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 1999, lẹ́yìn tí ológun gbé ìjọba sílẹ̀, kò sí sáà ìgbìmọ̀ kan tí kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó bá a dọ́gba kò pọ̀ rárá. Nicholas Mutu tó ń ṣojú Bomadi àti Patani ní ìpínlẹ̀ Delta jẹ́ ọ̀kan, ilé aṣojú-ṣòfin sì ni tirẹ̀. Nínú àwọn yòókù tí wọ́n jọ wọlé lọ́dún náà, a rí ẹni tó di gómìnà, a rí ẹni tó di mínísítà, ọ̀pọ̀ ti relé, àwọn kan ti dolóògbé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí aṣòfin Nàìjíríà ṣe ń dìbò, ọ̀dọ̀ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ti rí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ìtàn. Ipò tó dì mú wà lákọsílẹ̀. Àbá òfin tó gbé wá wà níbẹ̀. Ìpàdé oníròyìn tó ṣe kò lóǹkà. Ìbò gan-an ni ilé kì í kọ orúkọ sí. Láti ìgbà tí mo ti ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí, mi ò sì gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Gashua ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1959. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ló kà ní Yunifásítì Maiduguri. Ó gba oyè kejì ní Ahmadu Bello ní Zaria, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cranfield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1996, lórí ìmọ̀ bí a ṣe ń fi àwòrán sátẹ́láìtì yẹ ilẹ̀ wò. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ará Bade àti Jakusko dìbò yàn án sílé aṣojú-ṣòfin, wọ́n sì tún yàn án ní 2003. Ní 2007 ó bọ́ sílé aṣòfin àgbà lábẹ́ ẹgbẹ́ ANPP fún ẹkùn Àríwá Yobe, tó ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Bade, Jakusko, Karasuwa, Machina, Nguru àti Yusufari. Lọ́dún 2013 tí ANPP wọ inú àwọn tó di APC, ó bá wọn wọ̀ ọ́.

Àwọn tó mọ agbègbè náà mọ̀ pé yanrìn ń jẹ oko níbẹ̀. Nígbà tí Lawan gbé àbá òfin wá ní 2009 pé kí ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa gbógun ti aṣálẹ̀, ohun tó kọ́ nílé ìwé àti ohun tó ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ fínra ló pàdé nínú ìwé kan. Mo yìn ín fún èyí látọkàn wá. Bí a bá ń sunkún, a ó máa ríran. Ó tún ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìṣirò owó ìjọba wò, iṣẹ́ tó le, tí kì í sì í fún aṣòfin lórúkọ lójú ará ìlú.

Ó wá du ipò ààrẹ ilé ní 2015, ó sì pàdánù rẹ̀ lọ́nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sọ di òní. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, àwọn sẹ́nétọ̀ APC tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ jókòó ní gbọ̀ngàn àpérò àgbáyé tó wà l'Ábùújá, wọ́n ń retí ìpàdé pẹ̀lú Ààrẹ Buhari. Bí wọ́n ti ń retí níbẹ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ 57 ti wà nílé aṣòfin. Wọ́n fa Bukola Saraki láti Kwara kalẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bá a du ú, ó di ààrẹ ilé. Lọ́jọ́ kan náà, nílé kejì, Yakubu Dogara gba ìbò 182, Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà láti Sùúrùlérè gba 174. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2019, àwọn méjèèjì tó ṣubú papọ̀ dìde papọ̀: Lawan gba 79, Ali Ndume gba 28, Gbàjàbíàmílà gba 281, Umar Bago gba 76.

Láti ọjọ́ náà títí di oṣù Kẹfà ọdún 2023, Lawan kò ní ìbò mọ́ nílé, àfi tí ìbò bá dọ́gba. Etí rẹ̀ ló wá di iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń rí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń wò ó lórí tẹlifísọ̀n láì kíyè sí i. Olórí ilé á ka ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn wí, wọ́n á ké. Á ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn wí, àwọn náà á ké. Á wá sọ pé apá báyìí ló borí, á lu òòlù mọ́lẹ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tó ka ènìyàn. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ. Nínú ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ jáde nípa ìjókòó ọjọ́ náà, ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ilé sì gbà á. Owó tí ìjọba yóò yá, mínísítà tí ààrẹ yàn, òfin tí yóò máa dè wá títí ayé, ọ̀nà yìí ni púpọ̀ nínú wọn gbà kọjá.

Ó yẹ kí n sọ ti apá kejì náà pẹ̀lú. Àwọn tó fẹ́ràn ìbò ohùn ní ó yá, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ohun tó ń wá síwájú ilé kò ní àríyànjiyàn nínú, pé tí wọ́n bá ń pe orúkọ 109 lórí gbogbo rẹ̀, iṣẹ́ kò ní tán. Àwọn kan tún ní ó ń bo aṣòfin lójú gómìnà àti àwọn bàbá ìsàlẹ̀. Mo gba ti àkọ́kọ́ dé ìwọ̀n kan. Ti kejì ni mi ò gbà. Ẹni tó bá ń fi ìbò pamọ́ fún gómìnà ń fi í pamọ́ fún ẹni tó tò sínú oòrùn láti yàn án pẹ̀lú, èyí kejì yìí ló sì ni iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ 15 oṣù Keje. Àbá òfin ìdìbò tó wà nílẹ̀ ní abala 52, tó sọ pé INEC lè fi èsì ìbò ránṣẹ́ láti orí ẹ̀rọ níbi tó bá ti ṣeé ṣe àti nígbà tó bá ṣeé ṣe. Sẹ́nétọ̀ Sabi Abdullahi láti Àríwá Niger mú àtúnṣe wá: kí àjọ NCC tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kọ́kọ́ jẹ́rìí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé ibi gbogbo tó, pé kò sì séwu nínú rẹ̀, kí ilé aṣòfin àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé àjọ tí ìwé òfin ní kó máa dá darí ìdìbò yóò máa gbàṣẹ lọ́wọ́ àjọ mìíràn, á sì tún gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn gan-an tó ń du ìbò.

Lawan gbé e kalẹ̀ fún ìbò ohùn. Ó ní àwọn tó fara mọ́ àtúnṣe ló borí. Ká ní ibẹ̀ ló tán sí, a kì bá tí mọ nǹkan kan ju pé ilé gbà. Ṣùgbọ́n Enyinnaya Abaribe láti Abia, tó jẹ́ olórí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò nígbà náà, dìde, ó tọ́ka sí òfin ìjókòó ilé, ó sì ní kí wọ́n pe orúkọ. Òfin fún aṣòfin kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti bèèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn kan gbìyànjú láti pẹ̀tù sí i, àmọ́ kò gbà. Ibi tí 52, 28 àti 28 ti wá nìyẹn.

Etí Lawan kò purọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó fara mọ́ àtúnṣe ló pọ̀ lóòótọ́, kíkà náà sì fi í hàn. Ẹni tó bá ń sọ pé ó gbé ìbò fún ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ yẹn ń ṣì í sọ. Ohun tó yí padà ni pé orúkọ wà. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìwé ìròyìn tẹ orúkọ gbogbo wọn jáde ní ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí kò wá. WhatsApp wa kò sinmi. Mo rí àwọn tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú tí wọ́n ń fi ìka wá orúkọ sẹ́nétọ̀ wọn lórí fóònù. Àwọn 28 tí kò sí níjòókòó ló dùn mí jù, torí iye kan náà ni wọ́n pẹ̀lú àwọn tó gbìyànjú láti dá àtúnṣe náà dúró. Iṣẹ́ tí a rán wọn kò ju kí wọ́n wà níbẹ̀ lọ.

Àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ara wọn. Lawan náà sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn tó dìbò fún àtúnṣe náà kò kórìíra ẹ̀rọ, pé àwọn ibùdó ìdìbò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé ni wọ́n ń rò, kí ìbò àwọn ará ibẹ̀ má bàa ṣòfò. Ẹni tó bá ti dé àríwá Yobe rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n INEC ti sọ ní gbangba pé àwọn lè fi èsì ránṣẹ́ láti ibikíbi, abala tí wọ́n sì tún ṣe náà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe ni. Ààyè ti wà nínú rẹ̀ fún abúlé tí kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ilé aṣòfin àgbà yí ìpinnu rẹ̀ padà. Wọ́n fi INEC sílẹ̀ kó fúnra rẹ̀ pinnu bí èsì yóò ṣe máa lọ. Ìyẹn ló wà nínú òfin ìdìbò tí Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2022. Àwọn sẹ́nétọ̀ kan náà ni, lábẹ́ ààrẹ ilé kan náà, láàárín oṣù mẹ́ta. Ó dá mi lójú pé orúkọ tó jáde lóṣù Keje ló ṣe iṣẹ́ yìí. Ìbò tí wọ́n bá fi ohùn dì kò ní oníbò tí ará ìlú lè pè láago.

Wọ́n máa ń sọ nígbà ayé sáà rẹ̀ pé gbogbo ohun tí Buhari bá fi ránṣẹ́ ni Lawan ń lu òòlù sí. Òun fúnra rẹ̀ fi nǹkan kún un nígbà tó sọ pé ìbéèrè yòówù tó bá ti ọ̀dọ̀ ààrẹ wá, ire Nàìjíríà ló wà fún. Síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, Buhari ní kí wọ́n yọ abala 84(12) kúrò nínú òfin ìdìbò, èyí tó ní kí ẹni tó wà nípò tí wọ́n yàn án sí kọ́kọ́ fipò sílẹ̀ kó tó kópa nínú ìdìbò abẹ́lé. Ilé kọ̀ jálẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta. Lawan lu òòlù sí kíkọ̀ náà. Lábẹ́ rẹ̀ ni àbá òfin epo rọ̀bì tó ti ń rìn ní àgbàlá ilé aṣòfin fún ọ̀pọ̀ ọdún di òfin, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, lábẹ́ rẹ̀ sì ni ìṣúná owó ọdọọdún padà sí oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Ta ló dìbò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn nǹkan wọ̀nyí? Ilé ló dìbò. Èsì tí à ń rí gbà nìyẹn ní gbogbo ìgbà.

Òfin ìdìbò kan náà ló wá mú ẹjọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, APC ṣe ìdìbò abẹ́lé fún Àríwá Yobe. Lawan kò kópa níbẹ̀, torí ó ń du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ orílẹ̀-èdè. Bashir Machina ló wọlé láì sí alátakò. Ní Eagle Square l'Ábùújá, lóṣù Kẹfà, Bọ́lá Tinúbú gba ìbò 1,271, Rotimi Amaechi 316, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò 235, Lawan 152. Lẹ́yìn èyí, orúkọ Lawan ni APC fi ránṣẹ́ sí INEC fún ẹkùn tí kò bá wọn du ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún. Wọ́n ní wọ́n ti ṣe ìdìbò abẹ́lé mìíràn ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà.

Machina gba ilé ẹjọ́ lọ. Ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Damaturu dá a láre ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án. Lawan jáde, ó ní òun gba ìdájọ́ náà, òun kò ní pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ọ̀rọ̀ àgbà ló sọ níbẹ̀, mo sì rò pé ìtàn rẹ̀ nílé aṣòfin ti fẹ́ parí pẹ̀lú ọlá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ẹjọ́ lọ. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dà á nù ní oṣù Kọkànlá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yí gbogbo rẹ̀ padà. Adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún, tí Centus Nweze ka ìdájọ́ wọn, ní Machina kò gbé ẹjọ́ náà wá lọ́nà tó yẹ, pé níwọ̀n bó ti fẹ̀sùn jìbìtì kàn wọ́n, irú ìwé ìpẹ̀jọ́ tí a fi ń pe ẹlẹ́rìí ló yẹ kó lò. Adájọ́ méjì, Adamu Jauro àti Emmanuel Agim, kò gbà. Wọ́n ní Lawan kò kópa nínú ìdìbò abẹ́lé tó bófin mu, ẹgbẹ́ kò sì fagi lé ti àkọ́kọ́ kó tó ṣe òmíràn. Lóṣù kan náà, Lawan tún wọlé.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú ẹjọ́ yìí. Adájọ́ mẹ́ta sí méjì ni. A mọ orúkọ wọn, a mọ ẹni tó sọ kí ni, ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi sọ ọ́ wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ẹni tí ìdájọ́ náà kò tẹ́ lọ́rùn, bíi tèmi, mọ ẹni tó yẹ kó dáhùn. A kò dìbò yan adájọ́ kankan, síbẹ̀ wọ́n ń fi orúkọ sí ohun tí wọ́n bá pinnu. Àwọn tí a dìbò yàn ló ń pinnu láìlórúkọ.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí Lawan. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ohùn ni Ken Nnamani, tó jẹ́ ààrẹ ilé aṣòfin àgbà nígbà náà, fi pa àbá tí ì bá fún Ààrẹ Ọbásanjọ́ láyè sáà kẹta. Gbogbo wa la yọ̀, èmi pẹ̀lú. Ohun tó jẹ́ kí ọjọ́ náà yàtọ̀ ni pé àwọn sẹ́nétọ̀ ti bọ́ síta kí ìbò tó dé, wọ́n ti sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà ìjíròrò tí tẹlifísọ̀n ń gbé sáfẹ́fẹ́, ará ìlú sì ti mọ ibi tí púpọ̀ nínú wọn dúró sí. Irú ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbà tí kíkà máa ń di dandan ni ìgbà tí wọ́n bá ń tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe, torí abala 9 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi dìbò ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2022, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ àbá tó fẹ́ fi àga pàtàkì sílẹ̀ fún àwọn obìnrin. Àwọn ìyá wa kó páálí ìfẹ̀hónúhàn dání, wọ́n sì kún ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin. Ẹ̀rọ wà nígbà náà. Kò sí ohun tó ní kí wọ́n má lò ó fún àwọn àbá yòókù.

Èyí tó burú jù lójú mi ni ti Rivers. Ààrẹ Tinúbú kéde ìjọba pàjáwìrì níbẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2025, ó dá gómìnà, igbákejì rẹ̀ àti àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà dúró fún oṣù mẹ́fà. Abala 305 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú ìkéde bẹ́ẹ̀: sẹ́nétọ̀ 73 nínú 109, aṣojú 240 nínú 360. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ilé méjèèjì fi ohùn gbà á. Etí ènìyàn kan kò lè ka 73. Kò sí bí ó ṣe lè mọ̀ bóyá ohùn tó dún jẹ́ ti èèyàn 60 tàbí 80. Lawan ti sọ̀kalẹ̀ lórí àga nígbà yìí, Godswill Akpabio ló wà níbẹ̀. Ìbò Lawan ti padà sí i lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìbò tó tóbi jù láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì pe orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò pe ti ẹlòmíràn.

Àwa Yorùbá tó ń gbé Àbújá ní ẹ̀bi tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kubwa, Lugbe, Nyanya, Mararaba, ibẹ̀ la kún sí. Àwọn kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ nínú ilé aṣòfin yẹn gan-an, wọ́n ń tẹ ìwé, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá pàdé, tí ìròyìn bá kan sẹ́nétọ̀ tàbí aṣojú wa, ohun tí à ń kà ni ẹ̀rọ omi, tiransifọ́mà, ìrẹsì ọdún, iye ọmọ tó bá wọn rí iṣẹ́. Bí orúkọ àwọn sẹ́nétọ̀ ṣe ń jáde lóṣù Keje ọdún 2021 yẹn, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Kubwa dìde nínú ìpàdé wa.

"Alága, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹ ti ka ẹ̀rọ omi mẹ́ta fún wa, a dúpẹ́. Ti ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ yìí ńkọ́? Ibo ni bàbá wa wà níbẹ̀?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. A kì í ṣe òṣèlú níbí."

"Ẹ̀rọ omi náà ńkọ́, bàbá, kì í ṣe òṣèlú?"

Alága wa kì í ṣe èèyàn burúkú, ìjà ló ń sá fún. Ṣùgbọ́n ìyá náà ló jàre. Ẹ̀rọ omi lè bàjẹ́ lọ́dún kejì, òfin ìdìbò ni yóò pinnu bóyá a lè fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹni tó gbẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa sọ ọ́ pé kí wọ́n máa bèèrè ìbò pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ àbá òfin. Tí aṣòfin bá ní òun fara mọ́ nǹkan, kí wọ́n ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Tí ilé kò bá kọ ọ́, àwa lè kọ ọ́. Òfin tún fún wa ní abala 68, tó ní aṣòfin tó bá pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó láàárín ọdún kan láì ní ìdí tó mọ́yán lórí yóò fi àga rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ ìjókòó náà kò gbọ́dọ̀ dín sí 181. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan máa bèèrè ìwé ọ̀rọ̀ wíwá yìí lọ́wọ́ aṣojú tirẹ̀.

Àtúnṣe tí mo ń fẹ́ kò le. Abala 60 fún ilé kọ̀ọ̀kan lágbára láti ṣe òfin ìjókòó ara rẹ̀. Kò nílò ìbuwọ́lù ààrẹ, kò nílò ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 24, kò nílò ọ̀pọ̀ owó, níwọ̀n bí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá ń tún ìwé òfin ṣe. Kí wọ́n kọ ọ́ pé àbá òfin yòówù tó bá dé ìpele tó kẹ́yìn, yíyá owó lókè òkun, àti ohunkóhun tí ìwé òfin bá ti ní kó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta, orúkọ ni wọ́n yóò fi dìbò lé e lórí, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì. Kí ìbò ohùn wà fún ìyókù.

Ẹni tó sì yẹ kó gbé e wá ni Lawan. Kò sí ọ̀nà inú ilé náà tí kò mọ̀. Ó ti jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó ti jẹ́ olórí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba láti oṣù Kìíní ọdún 2017, ó ti di òòlù mú fún ọdún mẹ́rin. Ó wà lórí àga lọ́jọ́ tí Abaribe dìde, ó rí ohun tí orúkọ lè ṣe láàárín oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí ju ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ. Mo fẹ́ kí àbá yìí jẹ́ tirẹ̀ kí sáà yìí tó parí, kí òun náà sì bèèrè, bí Abaribe ti bèèrè, pé kí wọ́n pe orúkọ nígbà tí wọ́n bá ń dìbò lé e lórí.